Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì Tí Gbogbo Ilé Ń Kí Ní Pẹ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi fún yín, torí bí ẹ ò bá mọ ìyẹn, ẹ máa rò pé nǹkan ń ṣe mí ni. Síńtì ló wà níbẹ̀! Síńtì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe! Ẹ̀rọ tó ń dá ohùn orin sílẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ tèmi kì í ṣe ẹ̀rọ téèyàn lè gbé lé itan. Kóòdù ni. Mo jókòó, mo ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mò ń sọ fún un pé bí mo bá tẹ Q, kó ké báyìí, bí mo bá tẹ W, kó gbé ohùn sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé P. Ẹ wo Q yẹn o, tí kò ríṣẹ́ ṣe rárá nínú a-bí-dí tiwa, èmi ti fún un níṣẹ́!

Wọn ò kọ́ wa nírú ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, ní iwájú ilé wa ní Ìbà, níbi tí mo ti ń bá Màámi ṣẹ́tí aṣọ. Aṣọ funfun tí àwọn ará ìjọ wa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni Màámi ń rán. Láptọ́ọ̀pù náà, àlòkù ni, ọjà Àlábà la ti rà á, bọ́tìnnì T ẹ̀ ti já, mo wá mú bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkùnrin nínú agolo Màámi, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí síńtì yẹn kọ́kọ́ dún, "pííín" lásán ló ṣe, bí ẹ̀fọn tó ń wá etí èèyàn bọ̀, àmọ́ mo fò sókè, mo fẹsẹ̀ da abọ́ gàrí nù, mo ń pariwo pé, "Ó dún! Màámi, ó dún!"

Màámi ní, "Mo gbọ́. Pa á."

Mi ò pa á o. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti dún ní àdúgbò, ó ti di tèmi. Mo fi fóònù ká ohùn ẹsẹ̀ máṣíìnì Màámi sílẹ̀, mo fi sí abẹ́ bọ́tìnnì. Mo ká omi tó ń kán sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo ká géètì wa tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí mò ń pè ní ìṣaralóge, ìyẹn ni pé téèyàn bá ti ní ohùn kan, ó lè kùn ún ní àtíkè. Ó lè yí i síwá sẹ́yìn, ó lè fà á gùn, ó lè mú kó máa padà wá bí ìgbà téèyàn pariwo sínú kànga. Inú mi máa ń dùn débi tí mo máa ń gbàgbé láti jẹun, èmi tí mo fẹ́ràn oúnjẹ báyìí!

Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó jó sí i rí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti pákó àtẹ ló ti ń dún, Màámi nìkan ló ń gbọ́ ọ, Màámi ò sì jó.

Ìgbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìjọ wa ní Okokomaiko ṣe ìkórè, òjò gba ara páànù wọlé, ó sì rọ sínú kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n gbàdúrà sí i, kò jí. Ọ̀gá akọrin wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ìwọ, wọ́n ní o ní nǹkan kan nílé tó ń ké."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Síńtì ni, sà."

"Ṣé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀?"

"Kò tíì sí, sà. Àmọ́ ẹ̀fọn wà níbẹ̀, géètì wà níbẹ̀, omi..."

"Ṣé ẹ̀fọn la máa fi kó irè oko wọlé Olúwa ni?"

Ó yọ fóònù ẹ̀. Ó ní Bùrọ̀dá kan wà ní Ìjanikin tó ní kíbọ́ọ̀dù gidi, nọ́ńbà ẹ̀ rèé. Ó ní Sátidé, níbi ìdánrawò, wọ́n máa gbọ́ tèmi lójú gbogbo akọrin àti àwọn ìyá ìjọ. Tí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì bá wà nínú ẹ̀ tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì gbé nílẹ̀ láti jó, èmi ni mo máa lù ú lọ́jọ́ ìkórè. Tí ẹsẹ̀ ò bá gbé, lójú ẹsẹ̀ lòun máa pe Bùrọ̀dá Ìjanikin.

Mo sáré délé ni o! Mi ò wọ kẹ̀kẹ́, mo kàn ń sáré, bàtà wà lọ́wọ́ mi, mo gbàgbé pé mo ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lè wọ bàtà.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ìṣirò ṣe tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà. Mo po ohùn mọ́ ohùn, bí ẹni ń po ọ̀dà. Bí àkọ́kọ́ ṣe jáde, Màámi gbé orí sókè lórí máṣíìnì.

"Ta ló so ewúrẹ́ mọ́ ojú fèrèsé mi?"

Mo tún un ṣe. Èkejì jáde, obìnrin kan tó wá wọn ara fún aṣọ fò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dì mọ́ ògiri, ó rò pé tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ dún, ó kàn ń gbọ̀n tábìlì.

Fídíò kan wá sọ pé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan kan ju afẹ́fẹ́ inú páìpù lọ. Mo ro ìyẹn títí. Páìpù wo ni mo mọ̀ tó gùn? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa! Ẹ ò rí i bí? Ilé tí wọ́n kọ́ ní yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ gùn láti ojú títì dé ilé ìwẹ̀, ó ṣókùnkùn, ó rí tóóró, tẹ́ ẹ bá wúkọ́ níwájú, ẹ̀yìn á gbọ́. Mo bá ki fóònù mi bọ inú ike ọ̀dà kan tó ti ṣófo, mo gbé e sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa ká ohùn. Ohun tí mo fẹ́ ká ni ohùn òfìfo. Mo fẹ́ mọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe ń dún nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni onílé wa wọlé.

Àlàájì ni a ń pe onílé wa. Rédíò àti sítẹ́rìó ni wọ́n ń tà ní Àlábà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, inú yàrá iwájú ni wọ́n ń gbé, etí wọn sì mọ ohùn tó dáa. Ohùn tó jáde lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ o. Wọ́n sín ni. Àlàájì kì í sín bí èmi àti ẹ̀yin. Wọ́n á kọ́kọ́ fa gbogbo afẹ́fẹ́ Ìbà sínú, wọ́n á dúró, gbogbo ilé á dúró dè wọ́n, wọ́n á wá tú u sílẹ̀: "Hààà-PÁÀÀN!"

Mo yọ fóònù nínú ike. Mo gé "PÁÀÀN" yẹn kúrò lára yòókù, mo so ó mọ́ àwọn bọ́tìnnì mi, mo tẹ Q.

PÁÀÀN!

Mo tẹ W. PÁÀÀN, ó gbé sókè! Mo tẹ E, mo tẹ R. Ọlọ́run o! Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni! Kì í ṣe tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ọmọdé, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àwọn sójà ni, èyí tí wọ́n máa ń fọn ní bárékè Ọ̀jọ́ tí afẹ́fẹ́ á gbé e wá bá wa láàárọ̀! Ó dán, ó gbópọn, ìdí ẹ̀ wúwo. Omi bọ́ lójú mi. Mo lu orin ìkórè kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe lu ìlà àkọ́kọ́, Màámi ké láti iwájú ilé pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àlàájì!"

Láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá tó ń din àkàrà: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!"

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó gba yàrá tó kọjú sí tiwa, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun náà là ilẹ̀kùn díẹ̀: "Sọ́rì, sà."

Mo rò pé ó ṣèèṣì ni. Mo tún lù ú. Páàn, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Páàn, "Sọ́rì, sà!" Páàn páàn, "Pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ o!" Gbogbo orin náà, kò sí ohùn kan tí wọn ò kí.

Màámi sọ fún oníbàárà wọn pé, "Otútù ti mú bàbá yẹn gan-an o. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ń sín ní do-re-mi."

Èyí tó wá burú jù ni pé ilẹ̀kùn iwájú ṣí, ohùn àgbà kan jáde: "Pẹ̀lẹ́ o! Ta ló ń sín báyẹn? Kó lọ mu ewé efinrin."

Àlàájì fúnra wọn ni! Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kẹ̀? Mo ń mu tíì níbí."

"Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń sín, sà. Nínú láptọ́ọ̀pù mi."

Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ìdí tábìlì, mo tẹ Q fún wọn, wọ́n sì tún ní "pẹ̀lẹ́" kí wọ́n tó lè dá ara wọn dúró. Wọ́n bo ẹnu. Wọ́n ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé etí lé e, bí wọ́n ṣe máa ń gbé etí lé sítẹ́rìó tẹ́lẹ̀.

"Ohùn mi rèé," wọ́n ní. "Ohùn mi rèé o! Ṣùgbọ́n báàsì ẹ̀ kéré. Mo ní báàsì jù báyìí lọ."

Mo ní ẹ má bínú, sà, mo máa fi kún un.

Inú mi ń dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ sáà gbà á rò. Ọ̀gá akọrin ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé nílẹ̀. Tí mo bá tẹ tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì yìí ní Sátidé tí àwọn ìyá ìjọ dúró sójú kan tí wọ́n ń kí mi ní pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ta ló máa gbé? Mo ti ń wo Bùrọ̀dá Ìjanikin lójú mi, ó ń sọ kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ kalẹ̀ ní ààyè mi. Mo ní rárá. Mo máa ṣe é lóge débi tí ìyá tó bí i ò ní dá a mọ̀.

Mo kọ́kọ́ yí i síwá sẹ́yìn, kí ìdí ẹ̀ máa ṣáájú. Ó wá ń dún bí ẹni tó ń fa imú lẹ́yìn ẹkún. Ìyá alákàrà wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n. "Ẹ má sunkún mọ́. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ta ló kú?"

Mo sọ pé kò sẹ́ni tó kú, mà. Kò gbà. Ó jókòó tì wá fúngbà díẹ̀.

Mo yọ ìyẹn, mo fi ti kànga sí i, kí ohùn kan máa padà wá, padà wá, padà wá. Páàn-áàn-áàn-áàn. Màámi ń kí gbogbo wọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀..." Wọ́n gbá tábìlì. "Tiẹ̀ jẹ́ kí èmi náà mí!"

"Ẹ má kí i, Màámi. Kọ̀ǹpútà ni."

"Ṣé mo fẹ́ kí i ni? Ẹnu mi ló ń kí i!"

Mo fà á lọ sókè gan-an, kó di tín-ínrín. Ó di ọmọ ọwọ́ tó ń sín. "Wàá dàgbà o!" oníbàárà kan ké láti ìta. Ó wọlé, ó ń wo kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ta ló bímọ nínú yín?" Màámi ní kò sí. Àmọ́ nígbà tó lọ tán, mo rí i pé Màámi ń wo ikùn mi. Wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń wo ikùn mi.

Mo wá fà á lọ sílẹ̀, mo fà á gùn, ó ń lọ "hùùùn" bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ó tán, mo ti rí i ṣe! Mo lù ú, ilé pa rọ́rọ́, mi ò gbọ́ pẹ̀lẹ́ kankan. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ wò mí, ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo gbé orí lé tábìlì. Kí la ṣe jẹ́, àwa èèyàn yìí? Kò sí ohùn kan tí mo máa dá sílẹ̀ láyé tí a ò tíì ní ìkíni tó bá a mu!

Àlàájì ló ní àwọn mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ní sísín tó wà níbẹ̀ yẹn, àìròtẹ́lẹ̀ ni, òun ló jẹ́ kó máa ba èèyàn lójijì tí èèyàn sì ń kí i. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn múra sílẹ̀, àwọn máa sín èyí tó lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀sán Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun dé, pẹ̀lú fìlà funfun wọn, wọ́n gbé àga sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé áásà sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n pe gbogbo ilé jáde.

"Ẹ gbọ́ o. Ọmọ yìí fẹ́ ká ohùn mi. Bí mo bá sín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kí mi. Ẹ gbọ́?"

Gbogbo wa ní a gbọ́, sà.

Wọ́n fín áásà. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ Ìbà. "Hààà-PÁÀÀN!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!" Gbogbo wa ni! Èmi gan-an tí mo di fóònù mú wà níbẹ̀! Àlàájì náà sì fi "Alihamdulilahi!" tì í lẹ́yìn.

A tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, Màámi ki aṣọ bọ ẹnu. Bí wọ́n ṣe sín, tí Màámi ò lè fi ẹnu kí wọn, orúnkún wọn dá wálẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ lé ike ọ̀dà, ó fọ́, gbàràgàdà! Ìyẹn náà bàjẹ́. Mo lọ yá ike mìíràn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wa kojú sí ògiri, a fọwọ́ di ẹnu, ìyá alákàrà ń gbọ̀n. Àlàájì sín. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ilé pa lọ́lọ́, mò ń fi igun ojú wo fóònù, ó ń ká a lọ, ó mọ́ tónítóní, inú mi ti fẹ́ bẹ́.

Àlàájì wá ní, "Háà."

A yíjú padà.

"Gbogbo yín dúró níbí. Èmi Àlàájì, mo sín. Kò sẹ́ni tó kí mi?"

Màámi ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká má kí yín, sà."

"Mo mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àgbà ni mí."

Gbogbo wa kúnlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dọ̀bálẹ̀, a kí wọn, a tún kí wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí mo ká, ọ̀rọ̀ "háà" yẹn ti wọ inú ìdí sísín náà, àbámọ̀ wà nínú ẹ̀, kò ṣeé fi ṣe ìkórè. Mo padà sídìí ti àkọ́kọ́. Mo fi báàsì kún un bí wọ́n ṣe wí. Mi ò fi nǹkan mìíràn sí i mọ́.

Sátidé, mo gbé láptọ́ọ̀pù àti sípíkà dé Okokomaiko. Àlàájì ní àwọn náà fẹ́ lọ ra bátìrì lápá ibẹ̀, a jọ wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n ní àwọn máa dúró lẹ́nu géètì fúngbà díẹ̀ láti gbọ́ bóyá báàsì yẹn tó. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Akọrin ti tò. Àwọn ìyá ìjọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ funfun, èyí tí Màámi rán pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá akọrin dúró sójú kan, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, nọ́ńbà Ìjanikin ti wà lójú ẹ̀, ó kù kó tẹ̀ ẹ́.

"Óyá, jẹ́ ká gbọ́ tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì."

Mo tẹ ìlà àkọ́kọ́.

PÁÀN, páàn, PÁÀÀN!

"PẸ̀LẸ́ O!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì! Akọrin, ìyá ìjọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá akọrin fúnra ẹ̀ ní "pẹ̀lẹ́", ó tún tẹrí ba, kó tó rántí ara ẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni, sà."

"Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì wo? Ṣé kọ̀ǹpútà yìí ti ní otútù ni?"

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n fún un ní Róbù. Òmíràn ní kí n nu imú ẹ̀. Ọ̀gá akọrin ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sókè, mo rí àtàǹpàkò ẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ó ti pe Ìjanikin! Mo fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù náà dé.

Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni mò ń rò. "Pẹ̀lẹ́ o." Gbogbo wọn sọ ọ́ pa pọ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó kà á fún wọn, ó sì bọ́ sójú kan náà bí àtẹ́wọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń lé e jáde lára orin mi. Kí ló dé tí mi ò fún un láàyè?

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò sáré. PÁÀN, páàn, PÁÀÀN. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúró dè wọ́n.

"Pẹ̀lẹ́ o!"

PÁÀN, páàn, PÁÀÀN. Mo dúró.

"Pẹ̀lẹ́ o!"

Ó wọlé! Ohùn wọn lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó bọ́ sórí bọ́tìnnì R gẹ́lẹ́, bí ẹni pé mo fi síbẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ sí i. Ìyá ìjọ tó dàgbà jù lọ, tí orúnkún ń dùn, dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ má dá a dúró," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kó tún sín."

Mo sín o! Mo sín síwá, mo sín sẹ́yìn, mo fi omi kẹ́ẹ̀gì sí abẹ́ ẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ máṣíìnì Màámi tì í lẹ́yìn, táka-táka-táka, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń dún, ìjọ ń kí i, ẹsẹ̀ ń gbé, aṣọ funfun ń fẹ́ bí ìgbà tí Màámi sá wọn sórí okùn! Àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n tiẹ̀ ń kí i kíkan jù. Láti ẹnu géètì, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lóhùn, gbogbo ìgbà tá a bá ti ní pẹ̀lẹ́: "Ẹ ṣé o! Mo dúpẹ́ o!" Àlàájì ni. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n, àmọ́ gbogbo ìjọ gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ó wà nínú orin ni.

Mo wo ọ̀gá akọrin. Orúnkún ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò fẹ́, àmọ́ ó ń ṣe é. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbé! Mo rí i! Ó rí i pé mo rí i.

Ó gbé ọwọ́ sókè, a dákẹ́, a ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn la wá gbọ́ ohùn kékeré kan nínú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. "Hẹ́lò? Ẹ ńlẹ́ o? Hẹ́lò?" Bùrọ̀dá Ìjanikin ti gbé e látìgbà tó ti pè é.

Ọ̀gá akọrin ṣí ohùn fóònù náà síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Bùrọ̀dá, ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ìkórè tá a jọ sọ yẹn, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́. A ti rí ẹni tó máa lù ú fún wa. Ọmọ ìjọ ni."

Mo fọwọ́ bo ojú. Ìyá ìjọ tó dàgbà jù yẹn fi ìgúnpá gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Kò sí wàhálà rárá," Bùrọ̀dá náà ní láti Ìjanikin. "Olúwa á gba ìkórè. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó ń sín níbẹ̀ yẹn, mo ti ń gbọ́ ọ látẹ̀ẹ̀kan. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ní pẹ̀lẹ́."

Ọ̀gá akọrin yíjú sí mi. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, a ò sì tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́.

"Dá wọn lóhùn," ó ní.

Mo tẹ Q.